Oven mi kì í gbóná dé iye tí mo yàn: ṣé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Oníkéèkì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Oven oníná mànàmáná ni mo ń lò, èyí tí wọ́n kì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ó ní bọ́ọ̀dù tó ń fi nọ́ńbà hàn níwájú, tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù sì ni. Láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá yàn án sí 180°C, tẹmómítà tí mo gbé sáàárín rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bíi 160°C, bó ti wù kí n dúró pẹ́ tó. Orí kéèkì kì í pọ́n, àárín rẹ̀ a sì rì bí mo bá gbé e jáde lásìkò tó yẹ kó ti jinná. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oven náà a dédé dún, a gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà kan jáde lójú rẹ̀, a sì pa ara rẹ̀. Bí mo bá tún tàn án lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a tún máa ṣiṣẹ́ lọ.

Atúnnáṣe tí mo pè fi ojú lásán wò ó, ó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru ló ti kú, kí n san owó rẹ̀ kí òun lọ bá mi wá a ní Alábà. Owó náà kì í ṣe kékeré. Iléyá sì ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń bẹ̀ mí ní kéèkì fún Ojúde Ọba, n kò sì fẹ́ já wọn kulẹ̀. Kí n tó ná owó yìí, mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí ènìyàn fi lè mọ̀ dájú pé sẹ́ńsọ̀ ló ṣe é, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Irú rẹ̀ ṣe oven ilé wa rí. A pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, wàhálà sì tán. Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan ni, síkúrù méjì ló dì í mú ní ògiri ẹ̀yìn nínú oven. Ẹ má fi àyẹ̀wò da ara yín láàmú, ẹ ra tuntun kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Atúnnáṣe, Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníkéèkì. N kò fara mọ́ ìmọ̀ràn Ọmọ Ìpẹru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló fi mú un wá. Iṣẹ́ oven àti fíríìjì ni mo fi ń jẹun, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n yọ dànù tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Sẹ́ńsọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, torí pé òun ló rọrùn láti yọ. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù kò rí ooru. Ohun tó ń rí ni iye ìdènà tí iná bá pàdé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé orí sẹ́ńsọ̀ àti ní àbọ̀. Wáyà wà lójú ọ̀nà yẹn, ojú ìsopọ̀ kan wà níbẹ̀, nígbà mìíràn méjì. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá bàjẹ́, bọ́ọ̀dù á gbà pé ooru ló yí padà.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú oven tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oven tó jẹ́ bọ́tìnnì tí à ń yí nìkan ló wà lójú wọn, tí kò sí nọ́ńbà kankan tó ń tàn, ni kì í ní sẹ́ńsọ̀ oníná rárá. Ohun tó wà nínú wọn ni ọ̀pá irin oníhò kékeré kan tí òróró wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pá bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn so mọ́ thermostat tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì. Bí ooru bá mú un, òróró inú rẹ̀ á wú, á sì ti swíìṣì. Mítà tí a fi ń wọn iná kò lè wọn irú èyí. Bí ọ̀pá bàbà náà bá ti ṣẹ́, tí òróró sì ti jò, kò sí ohun tí yóò ti swíìṣì mọ́, oven á máa gbóná ṣáá ni. Thermostat àti ọ̀pá rẹ̀ la máa ń pààrọ̀ pọ̀.

Tiyín ní bọ́ọ̀dù, nítorí náà mítà lè sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ yọ iná rẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kì í ṣe bọ́tìnnì iwájú ni mo ń wí. Swíìṣì ńlá ara ògiri tàbí brékà ni kí ẹ pa, kí ẹ sì rí i dájú pé jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà kò lè dédé gbé iná wọ inú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí òwú onídígí tí wọ́n fi wé e lára máa ń yún ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa oven síta, ẹ tú irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wáyà méjì tó ti ara sẹ́ńsọ̀ jáde ti pàdé èyí tó lọ sí bọ́ọ̀dù. Ẹ tú ojú ìsopọ̀ yẹn, kí ẹ wọn sẹ́ńsọ̀ nìkan níbẹ̀. Ẹ wá so ó padà, ẹ lọ yọ ẹnu wáyà náà lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ tún un wọ̀n láti ọ̀hún. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ojú ọ̀nà ló ní àrùn. Ìwọ̀n kẹta tún wà: ẹ fi ẹnu mítà kan kan wáyà sẹ́ńsọ̀, kí ẹ fi ìkejì kan ara irin rẹ̀. Mítà kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà kankan láàárín wọn. Bó bá rí ọ̀nà, sẹ́ńsọ̀ náà ti bàjẹ́ nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.

Olùkọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Atúnnáṣe ti la ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i, torí ẹni tó di mítà mú tí kò mọ iye tó yẹ kó rí kò tíì wọn nǹkan kan. Sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú oven oníbọ́ọ̀dù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni èyí tí wọ́n fi mẹ́táàlì platinum ṣe, tí wọ́n ń pè ní Pt1000. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ 1,000 ohm (ohm ni a fi ń ka ìdènà) ní 0°C, ó sì ń fi bí 3.8 ohm lé sí i fún 1°C kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi pọ̀ sí i. Ní 25°C, yóò jẹ́ nǹkan bíi 1,097 ohm. Ní 30°C, 1,117. Ní 100°C, 1,385. Ní 180°C, 1,685. Pt500 náà wà, ìdajì àwọn iye yìí ni tirẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí iye tó lé díẹ̀ ní 550 nínú yàrá, ẹ má tètè dájọ́ ikú fún un. Ẹ yẹ ìwé tó bá oven náà wá wò. Bí mítà bá fi hàn pé ọ̀nà ti já pátápátá, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, a jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú nìyẹn.

Ìtumọ̀ iye yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nínú irú sẹ́ńsọ̀ yìí, bí ìdènà bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bọ́ọ̀dù á gbà pé oven ti gbóná ju bó ṣe gbóná lọ, á sì tètè pa ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn irin tó ń mú oven gbóná. Oven á wá tutù ju iye tí ẹ yàn, gẹ́gẹ́ bí tiyín. Ìdènà tó kéré jù ló ń jó kéèkì. Ìpẹtà ojú ìsopọ̀ kì í sì í dín ìdènà kù, ṣe ló máa ń fi kún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí ojú ìsopọ̀ yín kí n tó fura sí sẹ́ńsọ̀.

Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ dá ní tútù, tó sì ń já nínú bó bá gbóná. Ẹ yọ ọ́, ẹ ki orí irin rẹ̀ bọ omi tó ń hó, kí ìdí rẹ̀ àti wáyà má kan omi rárá. Nǹkan bíi 1,385 ohm ni kí ẹ retí. Bí iye náà bá ń fò sókè sódò nígbà tí omi ń hó geere, ẹ̀sùn atúnnáṣe yín tọ̀nà.

Bàbá Onígáàsì, Ìkẹ́nnẹ́

Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba gáàsì, bẹ́ẹ̀ oven gáàsì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò ní Rẹ́mọ níbí. Tèmi máa ń kú ní kété tí mo bá ti fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ni, wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó sì dára títí di òní. Sẹ́ńsọ̀ máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ má sọ pé irọ́ ni atúnnáṣe ìyá oníkéèkì ń pa.

Atúnnáṣe, Ṣágámù

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Kò sí ẹni tó pe ẹlẹgbẹ́ mi lónírọ́, pé kò wọ̀n ọ́n ni mo ń wí. Ohun tí wọ́n pààrọ̀ fún yín náà ń jẹ́ thermocouple, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jọ ti sẹ́ńsọ̀ tí à ń sọ. Òun kì í wọn ooru tí oúnjẹ fi ń jinná. Ohun tó ń ṣọ́ ni bóyá iná ń jó tàbí kò jó. Bí iná bá ń ra orí rẹ̀, ó ń fúnra rẹ̀ pèsè iná mànàmáná tó kéré gan-an, ìwọ̀nba mílífóòtì bíi 20 tàbí 30, èyí tó ń di ẹnu ọ̀nà gáàsì mú kó má padé. Bí iná bá kú, ẹnu ọ̀nà náà á padé kí gáàsì má bàa kún ilé. Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni so nǹkan kan mọ́ ọn kó lè máa wà ní ṣíṣí títí. Ẹ̀mí ilé ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó ra tuntun pàápàá, ẹ fi sáǹpépà ha èéfín orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì wò ó bóyá iná ń kan án dáadáa.

Màmá Oníbúrẹ́dì, Odògbólú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò sì rí ẹni tó béèrè irú iná tí ìyá oníkéèkì ń lò. Ládùúgbò tiwa, iná ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀ débi pé oven kò ní lè dé ibi tí a rán an. Ọmọ mi, ẹ yan kéèkì kan ní òru, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti pa nǹkan wọn, kí ẹ wò ó bóyá yóò dé 180. Ẹ tún wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fi bébà kan sí ẹnu rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Bí bébà bá yọ láìtakú, ooru ń bá ibẹ̀ sá lọ.

Bí ẹ kò bá sì gbẹ́kẹ̀ lé tẹmómítà yín, ṣúgà kì í purọ́. Ẹ da ṣíbí kékeré kan sórí fóìlì, kí ẹ gbé e sínú oven. Bó bá yọ́, ooru ti kọjá 186°C. Bí kò bá yọ́, kò tíì débẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Màmá, òótọ́ ni ẹ sọ nípa iná. Agbára ẹ́límẹ́ǹtì ń tẹ̀ lé fóòtì tí a fi ara rẹ̀ ṣe ìlọ́po. Ẹ́límẹ́ǹtì 2,000 wáàtì tí wọ́n ṣe fún 230 fóòtì kò ní tó 1,000 wáàtì mọ́ bí iná bá wálẹ̀ sí 160 fóòtì. Ìdajì agbára ti lọ, bẹ́ẹ̀ fóòtì kò tíì sọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan nù.

Síbẹ̀, a lè ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀ láìtú nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ oven ní iná kékeré kan tàbí àmì kan lójú rẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹ́límẹ́ǹtì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí àmì yìí kò bá kú rárá, tí ooru kò sì kọjá 160, a jẹ́ pé bọ́ọ̀dù mọ̀ pé kò tíì gbóná tó, agbára ni kò sí: iná rẹlẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì kan ti jó, tàbí ilẹ̀kùn ń jò. Ṣùgbọ́n bó bá ń kú tó ń tàn, tó ń kú tó ń tàn, tí tẹmómítà sì dúró sí agbègbè 160, bọ́ọ̀dù ti gbà pé òun ti dé 180 nìyẹn, ẹni tó ń mú ìròyìn wá fún un ni ká lọ yẹ̀ wò. Iná tó rẹlẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ṣúgà, ẹ dárí jì mí, Màmá, ó kù díẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú ooru, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, á sì pọ́n, kó tó dé ìwọ̀n tó yẹ kó fi yọ́. Kí ó má kọjá ìṣẹ́jú 15. Tẹmómítà náà ń fẹ́ sùúrù: ẹ gbé e sáàárín gan-an, ẹ dúró tó bí ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ kọ iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù sílẹ̀ bí ooru ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Àárín méjèèjì ni iye tòótọ́. Kí ó máa fi dígírì mẹ́wàá yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kì í ṣe àìsàn.

Oníkéèkì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àmì ẹ́límẹ́ǹtì ń kú ó ń tàn ní agbègbè 160, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti wí. Rọ́bà ilẹ̀kùn di bébà mú gírígírí. Àbúrò mi tó mọ̀ nípa iná bá mi tú ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa brékà. Yàrá jẹ́ nǹkan bíi 28°C nígbà náà. Sẹ́ńsọ̀ nìkan: 1,109 ohm. Láàárín wáyà rẹ̀ àti ara irin, mítà kò rí ọ̀nà kankan. Nínú omi tó ń hó: 1,384, kò sì mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ̀n ọ́n láti ẹnu bọ́ọ̀dù, ó fi 1,190 hàn, bí a bá sì fọwọ́ mi wáyà, iye náà á fò, nígbà mìíràn mítà á ní ọ̀nà ti já. Ojú ìsopọ̀ tó wà lẹ́yìn ti dúdú, ike rẹ̀ ti yọ́ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Olùkọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Sẹ́ńsọ̀ yín yè kooro. 1,109 ni Pt1000 gbọ́dọ̀ jẹ́ ní 28°C. Ẹ wo bí ìṣirò ṣe bá ohun tí ojú yín rí mu: láàárín 1,109 àti 1,190, ohm 81 ni ojú ìsopọ̀ fi kún un, èyí sì tó bí 21°C. Oven tó gbà pé òun wà ní 180 ti fi nǹkan bíi ogún dígírì tàn ara rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọ̀nà bá sì já pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bọ́ọ̀dù á kígbe, á sì pa ara rẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru

Mo gbà báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ogún dígírì péré ni, ṣé ẹ̀gbọ́n kò lè máa yàn án sí 200 títí Ojúde Ọba yóò fi kọjá? Tàbí kí wọ́n gé ojú ìsopọ̀ náà kúrò, kí wọ́n lọ́ wáyà pọ̀, kí wọ́n fi téèpù dúdú wé e.

Atúnnáṣe, Ṣágámù

Rárá sí méjèèjì, àbúrò. Ohm 81 náà kò dúró sójú kan. Ó ń yí padà bí ẹ̀yìn oven ṣe ń gbóná, bí wọ́n bá sì yàn án sí 200 lónìí, ọ̀la ó lè jẹ́ ogójì ló máa fi sọnù, tàbí kí ó rí ojú dáadáa kan kí kéèkì sì jó. Téèpù dúdú ńkọ́? Yóò yọ́ lẹ́yìn oven, lẹ́ẹ̀ rẹ̀ á ṣàn, wáyà méjèèjì á sì fara kanra. Bí wọ́n bá fara kanra, ìdènà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, ẹ̀yin náà sì ti mọ ohun tí ìyẹn ń sọ fún bọ́ọ̀dù.

Ìyá oníkéèkì, ẹ gé apá tó dúdú kúrò lára wáyà ní ìhà méjèèjì títí ẹ ó fi rí irin tó ń dán. Ojú ìsopọ̀ tí wọ́n fi amọ̀ funfun ṣe, irú tí wọ́n fi ń so ẹ́límẹ́ǹtì, ni kí ẹ fi so ó. Àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní Ìjẹ̀bú-Òde ní í, kò sì wọ́n. Bí wáyà bá kúrú, èyí tí wọ́n fi òwú onídígí bò ni kí ẹ fi gùn ún, kì í ṣe wáyà ilé tó ní rọ́bà. Ẹ so ó mọ́ ibi tí kò ti ní fara kan ara oven. Ẹ tún wo bóyá eku ti ń wọ ẹ̀yìn ibẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn òwú yẹn láti fi tẹ́ ìtẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ń tẹ̀ lé yín látẹ̀yìnwá. Tèmi jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ooru rẹ̀ ń pọ̀ jù. Àti pé ó ní ọ̀pá kan tí a ń gún mọ́ ẹran, ṣùgbọ́n mítà fi ohun tó lé ní 50,000 ohm hàn lórí rẹ̀. Ṣé ó ti kú?

Olùkọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Kò tíì kú. Ọ̀pá ẹran kì í sábà jẹ́ platinum. Irú mìíràn ni, tí ìdènà rẹ̀ ga púpọ̀ ní tútù, tó sì ń lọ sílẹ̀ bí ó ṣe ń gbóná. Ẹ dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́: bí iye náà bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfò, ó ń ṣiṣẹ́. Ní ti ooru tó pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Fahrenheit ló ń kà. 350°F jẹ́ nǹkan bíi 177°C. 

Atúnnáṣe, Ṣágámù

Ẹ fi èyí kún un: bí oven bá ń gbóná lọ nígbà tí ẹ ti pa á lójú bọ́tìnnì, ẹ má dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi rárá. Relay orí bọ́ọ̀dù, ìyẹn swíìṣì tó fi ń tan ẹ́límẹ́ǹtì tó sì fi ń pa á, ló ti lẹ̀ pọ̀, kò sì lè jáwọ́ mọ́. Ẹ pa á ní brékà, ẹ má sì lò ó títí ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù yóò fi pààrọ̀ relay náà.

Oníkéèkì, Ìjẹ̀bú-Òde

A ti fi ojú ìsopọ̀ alámọ̀ so ó. Láti ẹnu bọ́ọ̀dù, mítà ń fi 1,111 hàn, kò sì mì bí a ti ń fọwọ́ tì í. Lórí 180°C, tẹmómítà ń lọ láàárín 173 àti 186. Olùkọ́, ṣé mo lè lo ibi àtúnṣe inú bọ́ọ̀dù, èyí tí a fi ń sún iye ooru sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀, láti mú un sún mọ́ 180 gan-an?

Olùkọ́ Físíìsì, Àgọ́-Ìwòyè

Àárín wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 180. Ẹ má fọwọ́ kàn án.